Rélùwéè Agége: ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti àná ni mo ti ń ka ìtàn tí ẹ̀ ń sọ nípa rélùwéè Agége, ẹni tó sọ̀rọ̀ àwọn tó ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ rélùwéè pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Agége ni wọ́n bí mi sí, ilé wa ò jìnnà sójú irin, tí rélùwéè bá ti fọn fèrè láàárọ̀ màámi ò ní wo aago mọ́, wọ́n á ní "ẹ dìde, ẹ ti pẹ́!"

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé búrẹ́dì ló sọ Agége di ńlá. Rárá o, obì ni! 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin yẹn láti Ìddó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó fi máa di 1912 ọkọ̀ ti ń bá a dé Kánò, obì gbànja táwọn Hausa sì ń wá lójú méjèèjì, oko Agége ló pọ̀ sí. Ìyá bàbá mi ta obì ní téṣàn yẹn. Ewé ni wọ́n máa ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó kí wọ́n tó rán ẹnu ẹ̀ pa, torí tí gbànja bá gbẹ kó tó dé Kánò, ta ló máa rà á? Àwọn Hausa tó tìtorí obì wá nígbà yẹn, ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà l'Ágége, Yorùbá ẹnu wọn dùn ju tèmi lọ.

Èmi, iṣẹ́ ni mo máa ń bá a lọ ní Ìddó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ọkọ̀ dákú sáàárín Agége àti Ìkẹjà, a bẹ́ sílẹ̀, à ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkúta, gìgísẹ̀ bàtà mi sì há, ló bá ku bọ̀dá kan tó ti sùn lọ lórí òrùlé, ó ń pariwo "ṣé a ti dé ni?"

Red Line, rélùwéè tuntun ti ìjọba Èkó, wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 15, 2024, Agbádò sí Oyíngbò, téṣàn 8. Mo mú màámi lọ. Kò sí pé à ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé mọ́, káàdì Cowry, tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ l'Ékòó, lèèyàn ń fi kan ẹnu géètì. Màámi fi tiwọn kàn án ẹ̀ẹ̀mẹta bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, wọ́n ní "àgò o!" Géètì ṣí, wọ́n kí i "o ṣé o". Inú ọkọ̀ tutù nini. Wọ́n wò yíká, wọ́n bi mí pé àwọn tó ń tajà dà, mo ní wọn ò gbà wọ́n láyè. Wọn ò fèsì. Ká tó dé Mushin ni mo rí i tí wọ́n yọ búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ ìborùn, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ọkọ̀, bàbá tó kọjú sí wa ní, "Màmá, ẹ ò wá ra ẹ̀wà sí i?"