"Ìbáramu" àti "Ìpòdọ̀kan": Ohun Méjì Ni Nínú Àpòpọ̀ Pọ́límà

Nínú yíyan ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ pọ́límà (ohun bí ike àti rọ́bà, tí mólékù wọn gùn bí ẹ̀wọ̀n), àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa lo "ìbáramu" nìkan fún "compatibility" àti "miscibility", yálà àpòpọ̀ pọ́límà méjì kàn wúlò, tàbí mólékù wọn wọnú ara wọn débi pé kò sí ààlà láàárín wọn mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ike polystyrene àti rọ́bà polybutadiene. Bí ẹ̀wọ̀n mólékù wọn bá ti gùn, wọn kì í di ọ̀kan. Síbẹ̀, bí rọ́bà náà bá fọ́n ká wẹ́wẹ́ sínú polystyrene, tí a sì ti so díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n polystyrene mọ́ ọn lára, ike tí kì í tètè fọ́ ni a ó rí. Wọ́n bára mu, ṣùgbọ́n wọn kò di ọ̀kan. Ti polystyrene àti polyphenylene oxide yàtọ̀: ìwọ̀n yòówù tí a bá fi pò wọ́n, wọn a di ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń mú un gbóná, ojú ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo ni yóò ti kúrò ní líle bíi dígí, kì í ṣe méjì. Èyí, "miscibility", ni mo fẹ́ kí a pè ní "ìpòdọ̀kan". "Ìyọ́pọ̀" kò tó, nítorí pé a lè yọ́ pọ́límà méjì pọ̀ kí wọ́n ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìpòdọ̀kan ṣọ̀wọ́n, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Flory àti Huggins gbé jáde ní 1941 àti 1942 sì jẹ́ kí a rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá po mólékù kéékèèké pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò síra wọn á pọ̀ sí i gan-an, èyí sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti di ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n gígùn kì í rí púpọ̀ nínú àǹfààní yìí, nítorí náà àìfẹ́ra díẹ̀ ti tó láti yà wọ́n. Ooru pàápàá kì í fìgbà gbogbo rànwọ́: polystyrene àti polyvinyl methyl ether wà ní ọ̀kan nígbà tí wọn kò gbóná púpọ̀, ooru ló ń yà wọ́n.

Ní ti ìyapa yìí ("phase separation"), n kò fara mọ́ pípè é ní "ìyapa ìpele". Nínú kòpọ́límà alábala ("block copolymer"), tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní abala pọ́límà oríṣi méjì, ìdè kẹ́míkà so abala méjèèjì pọ̀, wọn kì í sì í sábà jìnnà síra wọn ju nǹkan bíi nanómítà mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n lè yà bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké, bí ọ̀pá, tàbí kí wọ́n tò ní ìpele-ìpele. Bí gbogbo ìyapa bá ti ń jẹ́ "ìpele", kí ni a ó wá pe èyí tó tò ní ìpele ní tòótọ́? "Ìyapa ẹ̀yà" ló tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹ̀yà ara máa ń yàtọ̀ síra láìkúrò lára.

Ọ̀rọ̀ "amúbáramu" ("compatibilizer") ló mú kí n ta kú jù. Ohun tí a ń fi sínú àpòpọ̀ polyethylene àti polypropylene tí a fẹ́ tún lò kì í sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó ń mú kí ẹ̀kán ọ̀kan tó fọ́n ká sínú èkejì kéré, ó sì ń di ààlà wọn mú kó má baà ya. Ẹni tó bá ka "ìbáramu" sí ìpòdọ̀kan yóò máa retí ohun tí amúbáramu kò lè ṣe.