Ẹ̀wà mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, koríko fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀: oògùn wo ni kí n fín?

Ìyá Ìbejì, Òde-Rẹ́mọ
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìparí oṣù kẹjọ ni mo gbin ẹ̀wà Ife Brown sí ìdajì éékà. Òjò ò jẹ́ ká ráyè. Nígbà tí mo débẹ̀, eéran àti gbégi ti ga ju ẹ̀wà lọ, imí-eṣú ti tẹ́ sáàárín poro bí ẹní. Owó tí àwọn tó ń roko ń pè kọjá agbára mi. Ẹni tó ta oògùn fún mi ní gbogbo koríko ló máa pa, kò ní fọwọ́ kan ẹ̀wà. Mo yá táńkì aládùúgbò mi, mo kọ́kọ́ fín poro méjì wò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ewé ẹ̀wà ká sínú bí ṣíbí, ọrùn rẹ̀ lọ́ bí okùn. Ṣé kí n fín ìyókù?

Bàbá Àgbẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́
Ìyá Ìbejì, ẹ má fín in mọ́! Kí ló ṣe gbégi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà yẹn?

Ìyá Ìbejì
Bàbá, kò tíì ṣe é ní nǹkan kan.

Bàbá Àgbẹ̀
Ẹ̀wà tó lọ́ báyìí, oògùn koríko tí wọ́n ń fín sóko àgbàdo ló bá a, irú 2,4-D. Ẹ bi aládùúgbò yín léèrè ohun tó fi táńkì náà fín gbẹ̀yìn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú táńkì àti rọ́bà rẹ̀, omi lásán kì í ṣí i. Ẹ wá táńkì mìíràn. Kí ẹ sì ka lẹ́tà kéékèèké ara ìgò: orúkọ oògùn inú rẹ̀ gan-an lẹ ń wá, kì í ṣe orúkọ ńlá tó wà níwájú.

Ọmọ Ṣágámù
Ṣé paraquat ò ní yá jù, ẹ̀yin àgbà?

Bàbá Àgbẹ̀
Rárá o. Ohun tútù gbogbo ló ń jó, ẹ̀wà náà á lọ. NAFDAC sì ti fòfin dè é láti 1 oṣù kìíní 2024. Ẹni tó bá gbé e mì, kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ má gbé e wọ ilé tọ́mọdé wà.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, òótọ́ ni, àgbàdo ló fi táńkì fín! Haloxyfop ni wọ́n kọ sára ìgò mi.

Bàbá Àgbẹ̀
Ìgò yín dára nígbà náà. Eéran àti gbégi ló ń pa, kò ní pa ẹ̀wà. Ẹ fín in nígbà tí ewé bá gbẹ, kí òjò má bá a kí wákàtí méjì tó pé. Èyí tó ti ga jù lè má kú tán. Ṣùgbọ́n kò lè pa imí-eṣú láéláé, ẹni tó sọ fún yín pé gbogbo koríko ni kò sòótọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, pendimethalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí koríko hù, ni kí ẹ fín sórí ilẹ̀ tútù lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín tàbí ọjọ́ kejì, kí ẹ̀wà tó yọ. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó fín in, torí kì í pa koríko tó ti dúró.

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ mi, imí-eṣú, ọkọ́ ni. Má dúró de owó gbogbo oko. Ro ìdí ẹ̀wà nìkan lọ́sẹ̀ yìí, kó o padà wá sí àárín poro. Fi ọkọ́ ha orí ilẹ̀ ni, má wà á jìn, gbòǹgbò rẹ̀ ò jìnnà. Tó bá ti ń yọ òdòdó, má wọ̀ ọ́ mọ́, òdòdó á máa já.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé, màmá. Mo ti rí ọkọ́ méjì yá. Èmi àtàwọn ìbejì á wà lóko ní Sátidé.