"Ìdásíṣèlú" kò bá ọmọ onílùú mu

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ṣẹ̀dá láná, "ìdásíṣèlú", pé ká máa fi pe kí ará ìlú máa dìbò, kó sì máa sọ tẹnu ẹ̀ lórí Facebook àti WhatsApp. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gbé e mì. "Dá" yẹn ló bà á jẹ́.

Ẹni tó dá sí ìjà kò sí lára àwọn tó ń jà, ìta ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kó má dá sí i. Lóṣù tó kọjá, lórí WhatsApp àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọbìnrin kan béèrè ibi tí owó gọ́tà wọlé sí. Èsì tó gbà ni "Ọmọdé, má dá sí i." Òun náà sì dáwó! Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé e síta náà la fẹ́ fi pè é wọlé? Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ló dìbò ààrẹ. N kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fà á, àmọ́ "má dá sí i" wà níbẹ̀.

Ìyá ìyá mi, bí wọ́n bá fẹ́ pa adìẹ ọdún, wọn á nawọ́ sí èyí tó ń sàba: "Ẹ dá ìyẹn sí." Ṣé ìṣèlú la fẹ́ dá sí bẹ́ẹ̀ ni?

"Ìlọ́wọ́sí" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀daràn ló ń lọ́wọ́ sí ikú ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ náà ló lọ́wọ́ sí ilé tí wọ́n bá kọ́ fún ìyá wọn. Ẹ wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Ọba Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ nígbà náà, jí dìde. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ jó níbi ọdún Ojúde Ọba ni ayélujára mọ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yìí náà ló ń dáwó tún ìlú ṣe. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n "dá sí" Ìjẹ̀bú?

Ẹni tó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé n kò ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó bí mi ni mo ti gbọ́ Yorùbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ "ìkópa", ẹ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí i dáadáa. Ipa ni, kì í ṣe ipá.