Kí ni mo lè fi rọ́pò ẹ̀bùn kí àwọn ọmọ máa pa iná fúnra wọn?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9 ni mò ń kọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pa iná àti fáànù tí ẹnikẹ́ni ò lò. Mo yan ọmọ tó ń bójú tó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń lẹ ìràwọ̀ sí ìwé wọn. Wọ́n ṣe é dáadáa. Bí ìràwọ̀ ṣe tán, wọ́n sá lọ ṣeré, fáànù ń fẹ́ àga òfìfo. Mo ṣàlàyé pé gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, oníwáàtì 9 lọ. Ẹnu yà wọ́n, àmọ́ ìwà ò yí padà.

Kí lẹ ṣe tí àwọn ọmọ tiyín fi ń pa á láìsí ẹ̀bùn, kódà tí olùkọ́ ò bá sí nítòsí?