Ìdáhùn sí “àìníṣan”: ẹran ló rù, iṣan ṣì wà níbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ìjíròrò wa yìí láìsọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá ń dùn mí. Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá a sílẹ̀. Ó ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn àgbàlagbà Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, lórí orúnkún àti bí ẹran ara ṣe ń dín kù lọ́jọ́ ogbó, ó sì ní òun ti rí orúkọ fún ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sarcopenia: “àìníṣan”. Àlàyé rẹ̀ ni pé Irwin Rosenberg, ará Amẹ́ríkà, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1989, pé inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, pé penia sì ni àìní. Àìní pẹ̀lú iṣan, ó parí.

Kò parí o.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi Gíríìkì náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ òun ni àbúrò wa fẹ̀yìn tì. Sarx tó ṣáájú penia, ẹran ara ni. Ẹran. Rosenberg fúnra rẹ̀ kò fi iṣan sínú orúkọ náà.

Ọmọ alápatà ni mí. Bódìjà ni bàbá mi ti pa màlúù títí wọ́n fi kọ́ wa yanjú, èmi ni mo sì ń bá wọn nu tábìlì kí n tó lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá ń gé itan, wọ́n á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ iṣan, ohun funfun kan tó yi bí okùn, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gé iṣan fún oníbàárà tó ní ẹran lòun fẹ́, ariwo tí yóò pa, gbogbo ìsọ̀ á gbọ́. Iṣan ni okùn tó so ẹran mọ́ eegun. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan la tún ń pè é. Ohun tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan ti ru ẹrù mẹ́ta, ẹ wá fẹ́ gbé ẹ̀kẹrin lé e lórí. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ nípa ẹni tó ń gbé irin pé “ó ní iṣan”. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ni ìwé yìí wà fún.

Mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́dún tó kọjá nítorí orúnkún. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Dókítà ọ̀dọ́ tó rí wa gbìyànjú láti bá wọn sọ Yorùbá, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Ó ní, “Màmá, iṣan yín ló ń dín kù.” Màmá kò fọhùn. Ìgbà tí a délé ni wọ́n na ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sí mi, tí wọ́n fi ìka tọ iṣan tó là lábẹ́ awọ láti ọrùn ọwọ́ dé ẹsẹ̀ ìka. “Wò ó. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ta ló rí wọn? Ìsinsìnyí gan-an ni wọ́n ń yọ. Báwo ni dókítà yẹn ṣe ní wọ́n ń dín kù?” Mi ò rí èsì fún wọn, nítorí òtítọ́ ni. Bí ẹran àti ọ̀rá bá ti ń lọ lábẹ́ awọ, ṣe ni iṣan ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ń hàn síta. Orúkọ tó ta ko ohun tí arúgbó ń fi ojú ara rẹ̀ rí, ta ni yóò gbà á gbọ́? Màmá ní kí n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ wá. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi mu oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ohun tí kò kan ẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ àì- yẹn ló bí mi nínú jù. A kì í pe obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ́ ku méjì nínú mẹ́rin ní aláìlọ́mọ. A kì í pe ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dín kù ní aláìríṣẹ́ṣe. Àì- máa ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ ni: kò sí, ó tán. Ẹni tí kò ní ẹran kankan lára, òkú ni. Ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sókè, ìdá 3 sí 8 nínú 100 ni ẹran ara ń dín láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, tó bá wá kọjá 60 ọdún, ó ń yára sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó sì ṣeé dá padà dé àyè kan, èyí gan-an ni “àìní” ń bò mọ́lẹ̀. Ní Boston, àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní 1990 dá lórí àwọn arúgbó mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú, tí wọ́n tó nǹkan bí 90 ọdún. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Agbára itan àwọn tó parí rẹ̀ fi ìdá 174 nínú 100 pọ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta! Orúkọ ń ro ọmọ, ẹ sì fẹ́ fi “kò sí mọ́” sọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Bí ẹ bá ń wá ohun tó jẹ́ àìníṣan ní tòótọ́, inú orúnkún ló wà: eegun rírọ̀ tó bo orí eegun méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé, irú èyí tí à ń rún wọ̀kọ̀wọ̀kọ̀ nínú ọbẹ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí ènìyàn bá sì ń rìn, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ tí ó ń tú u sílẹ̀, ni omi náà ń wọlé dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìjókòó gbére fi ń ba orúnkún jẹ́. Nínú ìwé kan náà, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lójú ìwé kejì, kí àìníṣan wà lójú ìwé kẹta, kí sì ni òǹkàwé fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú fi ọ̀rọ̀ náà “aromọléegun” ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n ní kí á pè é ní “ajẹmọlẹ́ran”. Gírámà rẹ̀ gún régé, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pè é sókè níwájú opó ẹni 80 ọdún, àjẹ́ ni yóò gbọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ran. Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ojú àwọn ìyá arúgbó rí nílẹ̀ wa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Rù ni mo bá lẹ́nu bàbá mi. Màlúù tó bá ti pẹ́ lọ́nà kó tó dé láti Òkè Ọya, wọ́n á fọwọ́ kàn án nítan, wọ́n á ní, “Eléyìí ti rù.” Iṣan rẹ̀ pé, eegun rẹ̀ pé, ẹran ló lọ. Ẹ má bínú pé mo fi ènìyàn wé ẹran ọ̀sìn. Màmá mi náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn, sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ró ìró: “Itan mi ti rù. Aṣọ tí kì í fẹ́ pàdé tẹ́lẹ̀ ti ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì.” Nítorí náà, “rírù àgbà” ni èmi fà kalẹ̀. Rù yìí àti rù ti ẹrù, ohùn kan náà ni wọ́n ní, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu: itan tó ti rù kò lè ru ara mọ́, orúnkún nìkan ni yóò máa rù ú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa dá mi lóhùn pé gbogbo ara ni rù ń tọ́ka sí, pé ẹni tó sanra kò rù. Èyí ká mi lára, nítorí ẹni tó sanra lè ní itan tó ti lọ lábẹ́ ọ̀rá. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fi gbé agbára ṣáájú nínú ìlànà wọn ti 2019: kí ènìyàn ká apá mọ́ àyà, kó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ewu wà. Màmá mi dé ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n di àga mú. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ tó gbé agbára àti ẹran pọ̀ láìlo iṣan, kó mú un wá. Mi ò tíì rí i. “Òkùnrùn itan” tí ẹ dábàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n, àìsàn ni yóò dún létí, mi ò sì fara mọ́ ọn.



Àbúrò mi, iṣẹ́ tí ò ń ṣe lọ́hùn-ún tóbi lójú mi. Kí o tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé, yọ àì-, kí o sì yọ iṣan. Bí o bá lo rírù, dúró ti òǹtẹ̀wé náà nídìí àmì orí u. Ẹnìkan kọ “riru agba” síbí láná láìfi àmì sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹlòmíràn ti ń béèrè bóyá irú ẹ̀jẹ̀ ríru kan ni.