Ọ̀rọ̀ fún ọ́kítéènì: ẹ má jẹ́ ká pè é ní "agbára epo"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí àbá tí arákùnrin wa gbé wá lánàá, pé kí a máa pe ọ́kítéènì, ìyẹn nọ́ńbà tó máa ń wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo mọ́tò, ní "agbára epo" lédè Yorùbá. Àwọn kan ti kín in lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n ta kò ó, torí owó àwọn èèyàn wa ni ọ̀rọ̀ yẹn yóò máa jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé bá mi ní Houston níbí. Wọ́n wa Corolla mi lọ ra epo, bọ́tìnnì mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀: 87, 89, 93. Nílé, ẹni tó bá wọ ilé epo kò ní irú yìí láti ṣà, bẹntiróòlù ni bẹntiróòlù. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá tẹ 93. Wọ́n ní, "Èyí ló lágbára jù, ọkọ̀ ẹ á fò." Owó gọbọi lé e, ọkọ̀ náà kò sì yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ ọ́ kedere pé 87 ni kí a máa rà.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì. Písítìn á gòkè, á fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ títí ibẹ̀ á fi gbóná janjan, pùlọ́ọ̀gì á wá ṣáná sí i. Ó yẹ kí iná yẹn rọra jó láti ìdí pùlọ́ọ̀gì lọ dé igun. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ kò tó kò ní lè mú un mọ́ra: èyí tó wà ní igun á bú gbàmù fúnra rẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ọ kọ́kọ́kọ́ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú agolo. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo pọ̀ gan-an, tàbí èyí tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì, ló nílò epo tí yóò lè dúró. Ti Corolla mi kò le tó bẹ́ẹ̀.

Níbo ni agbára wá wọ̀ ọ́? Ẹ wo ọtí ìrèké tí ọkọ̀ ń mu ní Brazil. Ọ́kítéènì rẹ̀ kọjá 100, ṣùgbọ́n ooru tó wà nínú lítà rẹ̀ kan fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti bẹntiróòlù.

Arábìnrin wa kan dábàá "aṣòdì-sí-nọ́kì". Mo mọ ibi tó ti mú un, torí nọ́kì ni òyìnbó ń pe ariwo kọ́kọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ bi mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ wò. Bó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì, kì í ṣe ariwo ló ń sọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn, ẹ lọ wá òmíràn. "Onímẹ́jọ" ní tirẹ̀ dára fún akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì, torí kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló wà nínú ọ́kítéènì gan-an, ìyẹn èròjà tí nọ́ńbà náà ti gba orúkọ. Èròjà kan nínú ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fún ní 100, wọ́n fún òmíràn tó ń jẹ́ héptéènì ní òdo, wọ́n wá ń fi àdàlù àwọn méjèèjì díwọ̀n epo yòókù. Mẹ́jọ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ra epo.

Èmi fúnra mi ti ro "àìtètègbiná" fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó jù ú nù. Dísù ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ṣáná sí dísù, kì í tètè gbà á. Síbẹ̀ bí a bá fún un pọ̀, á gbiná láìsí pùlọ́ọ̀gì, ọ́kítéènì rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jọjọ. Nítorí náà ìfúnpọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìtumọ̀ náà.

Àbá tèmi ni "ìfaradà ìfúnpọ̀" nínú ìwé, "ìfaradà" lásán ní ilé epo. Bí a bá ní ẹnì kan fara da oòrùn, a ò sọ pé ó lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. Ohun tí epo yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ará London, ẹ rántí pé 95 tiyín àti 91 ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: nọ́ńbà ìdánwò kan ni ẹ̀ ń lò, àwa ń ro nọ́ńbà ìdánwò méjì pọ̀, a sì ń pín in sí méjì. Ẹ má rí 87 wa kí ẹ pè é ní epo burúkú.

Mo kọ "Ìfaradà 87" sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ojú ibi tí a ti ń rọ epo sí Corolla náà. Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n ní, "Kí ló ń fara dà?" Mo ní ìfúnpọ̀ písítìn ni. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n tẹ 87.