Avengers: Endgame: ìran wo ló ń pa yín lẹ́kún jù, báwo ni wọ́n sì ṣe ṣe é?

Àdìsá Onífíìmù
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Láti Iron Man ọdún 2008 títí dé oṣù kẹrin ọdún 2019, fíìmù 22 ni wọ́n fi so ìtàn yìí pọ̀, Endgame nìkan sì gba wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú kan. Fún ẹni tí kò wò ó: nínú Infinity War tó ṣáájú rẹ̀, Thanos fi òkúta agbára mẹ́fà ta ìka, ìdajì ẹ̀dá alààyè sì parẹ́; nínú Endgame, àwọn Avengers padà sí ìgbà àtijọ́ lọ kó àwọn òkúta náà wá kí wọ́n lè dá wọn padà. Kí oníkálùkù mú ìran kan wá, kó sì tú u palẹ̀ fún wa. Ẹ má kàn sọ pé "ó dùn mí gan-an" kí ẹ sì máa lọ.

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí Tony Stark, Iron Man fúnra rẹ̀, ta ìka ni tèmi. Òun ló rọ ìbọ̀wọ́ irin tí wọ́n to òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí, irú irin kéékèèké tó fi ṣe ẹ̀wù ogun ara rẹ̀ ló sì fi rọ ọ́. Nígbà tó dì mọ́ ọwọ́ Thanos, gbogbo wa rò pé agbára ló ń fi jà. Àṣé ó ń fa òkúta bọ́ sí ọwọ́ tirẹ̀ ni. Thanos ta ìka, irin kọlu irin, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yí ọwọ́ padà wò, òfìfo. Orin ti dákẹ́ pátápátá níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Tony wá sọ ẹni tí òun jẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ fún àwọn oníròyìn ní ìparí fíìmù àkọ́kọ́, ọdún 11 ṣáájú.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yà o! Tony kàn ta ìka ni. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀rọ̀, kò wọlé. Jeff Ford, tó ń to fíìmù náà pọ̀, ló ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ọdún 2008 padà sí i lẹ́nu. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni wọ́n tó lọ yà á, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí fíìmù jáde. Robert Downey Jr., tó ṣe Tony, ò kọ́kọ́ fẹ́, torí ìbànújẹ́ tó ti jáde kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kó tún padà wọ̀. Níbi oúnjẹ alẹ́ kan ni Joel Silver, tó máa ń gbé fíìmù jáde, ti dá sí i, tó ní kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti dán an wò fún ipa Iron Man níjelòó ni wọ́n sì ti yà á.

Ìyá Ṣeun
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe to àwọn tó wá dágbére fún un. Rhodey ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kò sọ̀rọ̀ rárá, sójà ni, ó ti mọ ohun tó ń wò. Peter (Spider-Man) tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó ń sọ fún un pé àwọn ti borí. Pepper ìyàwó rẹ̀ ló dé kẹ́yìn, ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀wù ogun bí ara Tony ṣe wà, ó gbọ́ ìdáhùn, ó sì gbé ojú padà sí i. Kò sunkún lójú rẹ̀. Ó ní kó máa sinmi. Ẹ̀yìn tí iná àyà Tony kú tán ni omi tó bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó ti tọ́jú aláìsàn rí á mọ ohun tó ń ṣe.

Dáúdà
Thor àti ìyá rẹ̀. Mo ti sọ tèmi.

Àbẹ̀kẹ́
Dáúdà, o ò lè sọ ọ́ báyìí kí o sá lọ! Ìran yẹn ni òpó fíìmù yìí, àwọn èèyàn ò sì kà á sí.

Asgard, ìlú Thor, ní ọdún 2013 ni wọ́n padà lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa pa Frigga ìyá rẹ̀ gan-an. Thor mọ̀. Ó fẹ́ kìlọ̀ fún un, ìyá ní kó pa á mọ́ra, ọjọ́ ọ̀la ọmọ lòun bá wí, kì í ṣe tòun. Ó ti rí i pé ọmọ yìí kì í ṣe Thor tòun ìsinsìnyí, ó mọ̀ látinú ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń kùnà láti jẹ́ ẹni tí ayé ní kó jẹ́, ohun tó ṣe pàtàkì ni kéèyàn jẹ́ ẹni tó jẹ́ dáadáa. Òrìṣà bí ìyá ò sí.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: Hela, ẹ̀gbọ́n Thor obìnrin, ti fọ́ òòlù Thor nínú Ragnarok. Ọwọ́ tí Thor nà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló pe òòlù ọdún 2013, òòlù sì jẹ́ ẹ. Òòlù yẹn náà ni Steve (Captain America) gbé dojú kọ Thanos. Bí Thor ò bá rí ìyá rẹ̀, kí ni Steve fẹ́ gbé?

Kọ́lá Ìlọrin
Háà. Mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Tòkunbọ̀ Peckham
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Kurse tó pa Frigga nínú Thor: The Dark World, Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe é. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù.

Dáúdà
Ọmọ wa ló pa ìyá Thor?!

Bísọ́lá
Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, Dáúdà, má pariwo kí àwọn ará Asgard má baà gbọ́ 😂

Kọ́lá Ìlọrin
Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ìbéèrè kan. Àbúrò mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 fẹ́ wo Endgame, kò tíì wo ìkankan rí. Fíìmù 21 ti pọ̀ jù fún un. Èwo ló ṣe dandan?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Kọ́lá, tẹ̀ lé ọ̀nà yìí: Iron Man, Captain America: The First Avenger, The Avengers, The Winter Soldier, Guardians of the Galaxy, Civil War, Ragnarok, lẹ́yìn náà Infinity War. Mẹ́jọ ni, nǹkan bí wákàtí 18. Má ṣe jẹ́ kó wo Infinity War àti Endgame lọ́jọ́ kan náà. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jẹ́ ká jókòó sínú àdánù yẹn, jẹ́ kóun náà fi ọjọ́ bíi mélòó kan jókòó sínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yọ The Dark World kúrò, lẹ́yìn gbogbo àlàyé mi! Ìṣẹ́jú 112 péré ni. Bí ọmọ yẹn ò bá rí bí Frigga ṣe kú, ìyá kan lásán ló máa rí nínú Endgame.

Tòkunbọ̀ Peckham
Ant-Man ńkọ́? Tí kò bá wo Ant-Man, kò ní yé e bí Scott, Ant-Man fúnra rẹ̀, ṣe wà nínú ibùgbé tíntìntín yẹn (quantum realm) fún wákàtí márùn-ún tí ọdún márùn-ún fi kọjá níta. Kò sì ní mọ Hank Pym, ẹni tó ṣe Pym Particles, èròjà tí gbogbo ìrìnàjò ìgbà náà dúró lé lórí. Ẹ rántí pé èyí tí wọ́n ní kò ju àlọ àti àbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, pẹ̀lú díẹ̀ tí wọ́n fi máa dán ẹ̀rọ wò, Scott sì ṣèèṣì fi ọ̀kan ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi di wàhálà ní New York ọdún 2012 nígbà tí Hulk já ilẹ̀kùn lu Tony, tí Loki gbé Tesseract, tí òkúta kan wà nínú rẹ̀, sá lọ. Àbọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ Tony àti Steve. Wọ́n fi í lọ sí Camp Lehigh ọdún 1970 láìmọ̀ bóyá wọ́n á padà délé, àfi bí wọ́n bá rí òmíràn jí nínú yàrá iṣẹ́ Pym. Ẹni tí kò mọ èyí ò ní mọ̀ pé ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ó dáa, ẹ fi méjèèjì kún un. Ó di mẹ́wàá.

Ìyá Ṣeun
Kọ́lá, ọ̀rọ̀ ohùn tún wà. Bí tẹlifíṣọ̀n ilé bá ní ẹ̀rọ agbóhùn méjì péré, lọ síbi ètò ohùn, yan stereo, má fi sí 5.1 (ohùn tí wọ́n pín sí ìkànnì mẹ́fà). Ìkànnì àárín ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Bí kò bá sí ẹ̀rọ agbóhùn àárín, tí tẹlifíṣọ̀n ò sì dà á pọ̀ dáadáa, orin á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí Steve pe gbogbo ọmọ ogun, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò tíì wo fíìmù náà. Bákan náà ni ohùn Sam ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé sí etí Steve pé òun wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ tí Steve fi ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń sáré nínú The Winter Soldier. Apá òsì gan-an ni ilẹ̀kùn iná àkọ́kọ́ sì ti ṣí.

Dáúdà
T'Challa, Okoye, Shuri. Wakanda ló kọ́kọ́ dé! Kí Ọlọ́run tẹ́ Chadwick Boseman tó ṣe T'Challa sí afẹ́fẹ́ rere.

Bísọ́lá
Àmín o.

Ṣùgbọ́n kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ Natasha (Black Widow)? Tony rí ìsìnkú tó kún fún èèyàn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn láìgé, láti ọ̀dọ̀ Pepper títí dé ọ̀dọ̀ Nick Fury, ó kan Harley, ọmọdé inú Iron Man 3 tó ti dàgbà. Wọ́n bo ìran yẹn mọ́lẹ̀ débi pé "ìgbéyàwó" ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n ń yà á. Natasha ńkọ́? Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra Òkúta Ẹ̀mí, ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní pílánẹ́ẹ̀tì Vormir, èèyàn díẹ̀ dúró létí omi, Thor ń bínú, Bruce (Hulk) ju bẹ́ǹṣì, ó parí. Láti ọdún 2010 lobìnrin yìí ti wà nínú ìtàn. Kò tọ́.

Àdìsá Onífíìmù
Bísọ́lá, òkú rẹ̀ ò délé. Òfin Vormir ni pé ẹni tó bá ṣubú síbẹ̀ ò ní padà. Bruce ní òun gbìyànjú láti dá a padà nígbà tóun ta ìka láti mú àwọn tó parẹ́ padà, kò ṣeé ṣe.

Bísọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí òkú rẹ̀ ò délé kì í ní ìdágbére ni? Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó fi ẹ̀mí rẹ̀ rà padà. Inú Black Widow ọdún 2021 la tó rí sàréè rẹ̀, Yelena àbúrò rẹ̀ ló dúró níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn!

Àbẹ̀kẹ́
Mo wà lẹ́yìn Bísọ́lá. Clint (Hawkeye) sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú Wanda níbi ìsìnkú Tony, gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Kọ́lá Ìlọrin
Èmi, Steve ló rú mi lójú. Ó lọ dá òkúta padà, kò padà sórí ẹ̀rọ ìrìnàjò ìgbà, wọ́n wẹ̀yìn, ó ti jókòó létí adágún, ewú ti gba orí rẹ̀. Ibo ló ti gbé ayé rẹ̀?

Tòkunbọ̀ Peckham
Ìjà àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an nìyẹn. Markus àti McFeely tó kọ ọ́ ní inú ìgbà tiwa yìí náà ló ti gbé pẹ̀lú Peggy olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ní ìdákẹ́jẹ́. Russo àti àbúrò rẹ̀ tó darí rẹ̀ ní ẹ̀ka ìgbà mìíràn ni, pé ó kàn rìn padà wá ni.

Àwọn olùdarí ni mo tẹ̀ lé. Òfin tí Bruce là sílẹ̀ ni pé ohun tó o bá ṣe ní ìgbà àtijọ́ kì í yí ìgbà tìrẹ padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ wo asà. Idà Thanos ti gé asà Steve sí méjì lójú ogun. Èyí tó gbé fún Sam létí adágún, odindi ni. Níbo ló ti rí i bí kì í bá ṣe ibòmíràn?

Ìyá Ṣeun
Mi ò gbà. Bí ó bá ti ibòmíràn wá, orí ẹ̀rọ ni ì bá gbà wọlé. Ó jókòó síbẹ̀ torí pé ó ti wà nílùú tipẹ́. Asà, ọdún tó lò pọ̀ tó láti wá òmíràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀yin Ìyá Ṣeun, nínú Civil War, Steve wà lára àwọn tó gbé pósí Peggy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé ọkọ rẹ̀ arúgbó wá jókòó sílé lọ́jọ́ ìsìnkú ìyàwó ni?

Ìyá Ṣeun
Ó lè jókòó sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ta ló wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀?

Dáúdà
Ẹ ti dárúkọ Civil War. Ṣé ẹ rántí pé Èkó ni ìjà Tony àti Steve ti bẹ̀rẹ̀? Wanda gbé bọ́ǹbù Rumlow ọ̀tá wọn sókè kó má baà pa àwọn èèyàn ìsàlẹ̀, ó bú lára ilé, ará Wakanda 11 wà lára àwọn tó kú. Látibẹ̀ ni ìwé àdéhùn Sokovia ti dé, èyí tó fẹ́ fi àwọn Avengers sábẹ́ àkóso àwọn ìjọba, ìwé yẹn ló sì tú wọn ká. Nígbà tí Tony gbé asà padà fún Steve nínú Endgame, gbèsè Èkó ló ń san.

Bísọ́lá
Èkó wo? Atlanta ni wọ́n ti yà á. Kò sí ẹyọ dáńfó kan tó rìn bí dáńfó níbẹ̀.

Dáúdà
Orúkọ Èkó ló wà lórí rẹ̀, èmi gbà á bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́
Dáúdà gba ọ̀nà tó dáa níbi asà yẹn. Siberia ni Steve ti jù ú sílẹ̀, lẹ́yìn tí Tony ní kò tọ́ sí i, pé bàbá òun ló ṣe é. Kí Tony tó gbé e padà, ó ti wá àṣírí ìrìnàjò ìgbà rí fúnra rẹ̀ nílé, ó sì ti ní ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọmọbìnrin òun má parẹ́. Ìdí nìyẹn tí Bruce fi dá àwọn tó parẹ́ padà sí ìsinsìnyí, dípò kó pa ọdún márùn-ún náà rẹ́. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kò sí Morgan.

Kọ́lá Ìlọrin
Ọ̀kan ló kù. Báwo ni Thanos ọdún 2014 ṣe mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀?

Tòkunbọ̀ Peckham
Nebula ọmọ Thanos ni. Ara rẹ̀ kún fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yẹn sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Nebula tiwa dé Morag, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ mú òkúta kan, òun àti Nebula ọdún 2014 wà ní ìgbà kan náà, ìrántí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú èkejì. Thanos mú Nebula tirẹ̀, ó wo gbogbo ohun tó wà nínú orí èkejì bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n, ó rí orí ara rẹ̀ tí Thor bẹ́. Wọ́n mú Nebula tiwa nígbèkùn, wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀, òun ló sì ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ Thanos láti wọlé nígbà tí gbogbo wọn ń wo ọwọ́ Bruce. Jẹ́ kí àbúrò rẹ fojú sí irin tó wà lójú Nebula: ti ọdún 2014 ní láti yọ ti èkejì kó fi sí ara rẹ̀ kí àwọ̀ wọn tó bára mu.